Káìtì olókùn méjì fún àrà dídá: èwo ló bá afẹ́fẹ́ Èkìtì mu?

Kí ẹ tó béèrè pé káìtì wo ló dára jù, ẹ kọ́kọ́ wo ewé. Bí ewé máńgòrò ẹ̀yìnkùlé bá kàn ń mì, tí afẹ́fẹ́ sì ń kàn yín lójú, kìlómítà 6 sí 11 ní wákàtí kan nìyẹn. Bí ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kò bá sinmi, tí àsíá sì nà gbọọrọ, ó ti tó 12 sí 19. Bí eruku àti bébà bá ti ń fò lójú títì, ó ti wọ 20 sí 28. Ní Èkìtì, ti àkọ́kọ́ la máa ń rí jù, èkejì là ń gbàdúrà fún, ẹ̀kẹta sì sábà máa ń kó òjò lẹ́yìn wá, nígbà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì di okùn káìtì mú.

Ìdí tá a fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ fídíò àrà tí ẹ ń wò lórí fóònù, etí òkun ni wọ́n ti ya wọ́n. Afẹ́fẹ́ etí òkun ń fẹ́ geere, kò sí igi, kò sí òkè tó dí i lọ́nà. Tiwa ní láti gun òkè, kó yí àpáta ká, kó gba àárín ilé kọjá kó tó kàn yín. Á wá, á lọ, á tún yọ láti ibòmíràn. Káìtì tó ń jó bí ẹni tí kò léegun létí òkun lè jókòó sórí koríko l'Ádó bí adìyẹ tó ń sàba. Nítorí náà afẹ́fẹ́ tí ẹ ní ni kí ẹ fi ra káìtì, ẹ má fi àrà tí ẹ rí rà á.

Káìtì tí à ń sọ níbí kì í ṣe ti ọmọdé onílọ́rà àti igi ìgbálẹ̀ tó ní okùn kan ṣoṣo. Okùn méjì ló ní, ọ̀kan fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa tọ̀tún, á yí sọ́tùn-ún. Ẹ fa tòsì, á yí sósì. Ẹ mú ọwọ́ méjèèjì dọ́gba, á máa lọ tààrà síbi tí imú rẹ̀ kọjú sí. Peter Powell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ irú káìtì yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní àwọn ọdún 1970. Oníkọ̀rọ̀ mẹ́rin ni tirẹ̀, ó sì ní ìrù gígùn. Èyí tí wọ́n fi ń dárà lónìí ní apá méjì tó fẹ̀ sẹ́yìn bíi ti ẹyẹ àṣá, kò sì nírù.

Ti gbogbogbò, afúyẹ́, àti oníhò

| | Ti gbogbogbò | Afúyẹ́ | Oníhò |
|---|---|---|---|
| Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ (kìlómítà ní wákàtí kan) | 8–30 | 3–15 | 25–50 |
| Ìwúwo, bí apá rẹ̀ bá fẹ̀ tó mítà 2.3 | gíráàmù 250–350 | gíráàmù 180–230 | bíi ti gbogbogbò |
| Ọ̀pá inú rẹ̀ | kábọ̀n tó nípọn díẹ̀, tàbí fáíbà (fọ́nrán gíláàsì) | kábọ̀n tín-ín-rín, inú rẹ̀ ṣófo | kábọ̀n líle |
| Ohun tó ń pa á | ká fi imú rẹ̀ gbálẹ̀ | afẹ́fẹ́ òjijì | àìsí afẹ́fẹ́ |

Ẹ fi oníhò sílẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ní àwọ̀n lójú kí afẹ́fẹ́ líle lè gbabẹ̀ jáde, a ò sì ní irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ àfi nígbà tí ìjì bá ń bọ̀. Ìjà gidi wà láàárín méjì tó kù. Afúyẹ́ ló máa fò lọ́jọ́ tó pọ̀ jù lọ́dún níbí, kò sí àní-àní. Òun náà ló sì máa tètè kán lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, torí ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín, afẹ́fẹ́ wa sì máa ń rọ́ wá lójijì. Tí ẹ bá rí i tí ọ̀pá ìdábùú ìsàlẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kíá. Ohùn tí ẹ máa gbọ́ tẹ̀lé e, owó ni.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni agbára yín ká, ẹ ra ti gbogbogbò, àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀. Èyí tí wọ́n ní ó ń gbéra láti 6 tàbí 8 ni kí ẹ mú. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 12 á máa wò yín níran láti oṣù kan dé èkejì. Afúyẹ́ á jẹ́ ìkejì, nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ bí a ṣe ń dẹ okùn kí káìtì tó fẹnu gúnlẹ̀.

Kékeré àti ńlá

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra kékeré, èyí tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1.2 sí 1.6, torí wọ́n rò pé ó máa rọrùn. Òdìkejì ni. Kékeré yára bí eṣinṣin: kí ojú yín tó rí i pé imú rẹ̀ ti yí, ó ti dé ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó sì fẹ́ ju ti ńlá lọ, torí aṣọ rẹ̀ kéré. Ńlá, mítà 2.2 sí 2.5, máa ń rọra yí, ẹ̀ẹ́ rí gbogbo ìgbésẹ̀ àrà náà lójú, ẹ̀ẹ́ sì ráyè ṣàtúnṣe. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 nìkan la lè dá kékeré lábàá fún, torí pé ńlá lè wọ́ ọ nílẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá le.

Irú méjì tún wà nínú ńlá fúnra rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ atẹ̀léla: apá rẹ̀ gùn, aṣọ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń fa ìlà tó gún bíi rúlà lójú ọ̀run, igun tó bá sì yí máa ń mú ṣánṣán. Èkejì jẹ́ adárà: aṣọ rẹ̀ jinlẹ̀ sẹ́yìn, àtì tó ń ti aṣọ sẹ́yìn gùn, ìdí rẹ̀ wúwo díẹ̀, ó sì ṣe tán láti dùbúlẹ̀ sẹ́yìn nígbàkigbà tí ẹ bá dẹ okùn. Ohun tó jẹ́ ẹ̀bùn fún adárà ni àbùkù fún atẹ̀léla. Ìlà rẹ̀ kì í gún tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń mirí bí afẹ́fẹ́ bá ń ṣe ségesège. Bó bá jẹ́ pé àrà lẹ bá wá, ẹ gba adárà, kẹ́ ẹ fara mọ́ mímirí rẹ̀.

Fáíbà tàbí kábọ̀n

Fáíbà wúwo, ó rọ̀, kì í tètè kán. Bó bá tẹ̀ jù, ẹ̀ẹ́ rí ibi tó ti funfun lára rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa gbà kán lọ́la. Kábọ̀n fúyẹ́, ó le, káìtì tó ní in máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ kíá. Àmọ́ kì í ṣèkìlọ̀: bó bá máa kán, á kán ni. Ẹ má fi ọwọ́ lásán nu ibi tó kán, torí ẹ̀gún rẹ̀ máa ń wọ awọ ara, kò sì rọrùn láti yọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ kọ́kọ́ wé téèpù mọ́ ojú ibẹ̀ kó má baà ya, ẹ fi ayùn irin gé e, ẹ fi omi sára sáńpépà kẹ́ ẹ fi dán an, kí eruku rẹ̀ má gba imú wọlé.

Níbi tí kò ti sí ẹni tó ń ta ọ̀pá kábọ̀n nítòsí, ohun tó ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé iṣẹ́ lọ ni kẹ́ ẹ ra ọ̀pá ìdábùú ìsàlẹ̀ méjì àfikún pọ̀ mọ́ káìtì náà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ra á. Òun ló máa ń kán jù. Ẹ má rò pé ẹ máa rí i ní ọjà Ọba.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ nílé ńkọ́? Aṣọ agboòrùn àti ọparun tí a là lè fò, a sì lè fi kọ́ bí a ṣe ń yí sọ́tùn-ún àti sósì. Àmọ́ aṣọ agboòrùn máa ń fẹ̀ tí a bá fà á ní ìdábùú, ọparun méjì kì í sì í wúwo dọ́gba, torí náà apá kan á máa sáré ju èkejì lọ. Fún àrà, kò lè tó. Aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó dára jẹ́ náílọ́ọ̀n tàbí pọlíẹ́sítà tí wọ́n hun fọ́nrán nínípọn sí ní òòró àti ìbú kó má baà ya kọjá ibi tó bá ti lu. Nínú méjèèjì, pọlíẹ́sítà kì í fà nínú ọ̀rinrin bíi náílọ́ọ̀n, èyí tó wúlò fún wa láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án.

Okùn: ibi tí owó kékeré ti ń ba owó ńlá jẹ́

Okùn bíríkìlà àti okùn ìpẹja kò ṣeé lò, bó ti wù kó lágbára tó. Wọ́n máa ń nà. Ẹ fa ọwọ́ sẹ́yìn níwọ̀n ìka mẹ́rin, okùn á gbé ìdajì rẹ̀ mì, ìyókù ni káìtì máa gbọ́, á sì pẹ́ kó tó gbọ́ ọ. Ìṣòro kejì tún burú jù: nígbà tí káìtì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, okùn méjèèjì á lọ́ mọ́ra wọn, náílọ́ọ̀n lórí náílọ́ọ̀n á sì há. Okùn tí wọ́n ń pè ní Dyneema (àwọn míì ń pè é ní Spectra) kì í nà bẹ́ẹ̀, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Ó lè lọ́ mọ́ra ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí káìtì ṣì máa gbọ́ràn.

Yíyọ̀ yẹn náà ni àléébù rẹ̀. Kókó kì í dúró lára rẹ̀ dáadáa, tí kókó bá sì jẹ ẹ́ lára, agbára rẹ̀ á dín kù gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ki ìpẹ̀kun rẹ̀ bọ inú okùn míì tó ṣófo nínú kí wọ́n tó ta kókó. Bẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n ń tà láìní ìbọ̀ yìí, ẹ béèrè ìdí. Ooru náà ń pa á, ó ń yọ́ ní nǹkan bí 150 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì; tí okùn ẹlòmíì bá dúró sójú kan tí tiyín ń fá a lára bó ti ń kọjá, ọ̀kan nínú wọn á já.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Fún káìtì ńlá nínú afẹ́fẹ́ wa, èyí tó lè gbé kílò 40 tó. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́, tàbí lórí káìtì afúyẹ́, ẹ bọ́ sí ti kílò 23, torí okùn tín-ín-rín kì í fa káìtì sẹ́yìn. Ti kílò 68, etí òkun ló wà fún. Ní ti gígùn, mítà 15 ń sáré, ó sì wúlò ní pápá ìdí ilé tó há. Mítà 25 ń fún yín láyè láti ronú, pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé sì gbà á dáadáa. 30 fẹ́ àyè tí a kì í sábà rí. A ò rí ìdí tí olùbẹ̀rẹ̀ kò fi ní mú 25. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá kú, kó bọ́ sí 15, kó sì máa rìn sẹ́yìn.

Kí okùn méjèèjì gùn dọ́gba ṣe pàtàkì ju kí wọ́n jẹ́ tuntun lọ. Ẹ kan èèkàn kan mọ́lẹ̀, ẹ fi ìpẹ̀kun méjèèjì kọ́ ọ, ẹ rìn dé òpin, ẹ fà wọ́n le pọ̀ bí ìgbà tí káìtì ń fà. Bí ọ̀kan bá yọ jù, kódà sẹ̀ǹtímítà kan péré, ẹ ta kókó kan sí ojú rẹ̀ kó lè kúrú. Okùn tuntun máa ń nà díẹ̀ ní ìjáde mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun kan tí ìwé tó tẹ̀ lé káìtì kò ní sọ fún yín: eèmọ́. Ní pápá tí wọn kò tíì gé, tẹ́ ẹ bá tẹ́ okùn sílẹ̀, èso eèmọ́ á so mọ́ ọn bí ìlẹ̀kẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fi ìka fà á kúrò, hóró kéékèèké rẹ̀ á kù sáàárín fọ́nrán. Okùn tó ń yọ̀ kò ní yọ̀ mọ́. Eruku ọyẹ́ pẹ̀lú: ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn láti òpin dé òpin lẹ́yìn ìjáde kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì.

Ìjánu

Okùn kéékèèké tó wà ní iwájú aṣọ, èyí tí okùn ọwọ́ yín so mọ́, là ń pè ní ìjánu, ohun tí wọ́n sì ń fi ìjánu ẹṣin ṣe gan-an ló ń ṣe: òun ló ń sọ bí imú ṣe máa kọjú sí afẹ́fẹ́ tó. Oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ẹsẹ̀ kan tó lọ sókè, ọ̀kan tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ apá, ọ̀kan tó lọ sí àárín. Ojú tí okùn ọwọ́ so mọ́ kì í kúrò níbi tẹ́ ẹ fi í sí, nítorí náà ohun tẹ́ ẹ yí lónìí lẹ máa bá lọ́la. Èkejì ní ẹsẹ̀ àfikún tó ń jẹ́ kí ojú ìso rìn díẹ̀ bí ẹ ti ń fà. Káìtì á yára yí, á tètè gbọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ pọ̀, bí ọ̀kan bá sì yọ̀ ní mìlímítà 3 ẹ̀ẹ́ wá a títí. Ẹni tó máa fúnra rẹ̀ tún ìjánu ṣe, tí kò sí ẹlòmíì ládùúgbò tó mọ̀ ọ́n, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kó gbà.

Bí a ṣe ń tún un ṣe:

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi máákà sàmì sí ibi tí ojú ìso wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀ẹ́ tún padà wá síbẹ̀, ó dájú. Ẹ tú kókó náà díẹ̀, ẹ sún ojú ìso sókè (sí ọ̀nà imú) tàbí sísàlẹ̀ (sí ọ̀nà ìdí) ní mìlímítà 5, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi rúlà ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Ẹ fò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó tún sún un. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní àmì ní sẹ̀ǹtímítà 2, tí wàhálà sì wà síbẹ̀, kì í ṣe ìjánu ló ń dà yín láàmú.

Tẹ́ ẹ bá sún un sókè, imú á tẹ̀ síwájú, á tètè gbéra nínú afẹ́fẹ́ fúyẹ́, á sáré, kò ní fà yín púpọ̀, àmọ́ igun rẹ̀ á fẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sún un sísàlẹ̀, imú á fà sẹ́yìn, káìtì á fà yín dáadáa, á yí lójú kan, á sì tètè dúró nígbà tẹ́ ẹ bá ní kó dúró, ṣùgbọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Lórí ilẹ̀ Èkìtì, mìlímítà 5 sókè ju àmì ilé iṣẹ́ lọ la máa ń bá lọ́pọ̀ ọ̀sán.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ gbé e lọ sí àárín, tààrà níwájú yín, kó máa gòkè, kẹ́ ẹ wá rọra na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Káìtì tó wà déédéé á dúró lójú ọ̀run, á mì díẹ̀, á máa wò yín. Bó bá kọ̀ láti dúró, tó ń fò lọ síwájú títí ó fi dé orí yín tí okùn sì rọ̀, ojú ìso ti ga jù. Bó bá wárìrì tó sì ń fi ìdí rìn sẹ́yìn, tàbí kó má lè gbéra rárá nígbà tí afẹ́fẹ́ wà, ó ti lọ sílẹ̀ jù.

Tó bá ń ya sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ọwọ́ yín dọ́gba, ẹ má tíì yí ìjánu. Ẹ pààrọ̀ okùn ọ̀tún àti tòsì lára káìtì. Bí yíyà náà bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, okùn ni kò dọ́gba. Bó bá ṣì ń ya sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, inú káìtì ló wà: ẹ wò ó bóyá ọ̀pá kan ti yọ kúrò nínú ihò rẹ̀, bóyá àtì kan ti bọ́ tí aṣọ ẹ̀gbẹ́ yẹn sì rọ̀, tàbí bóyá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà létí ẹ̀yìn aṣọ le ju ti èkejì lọ. Okùn etí yẹn, ẹ kàn fà á tó kí aṣọ má máa dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Tó bá le jù, etí aṣọ á ká, káìtì á wúwo lọ́wọ́.

Àrà wo ló fẹ́ káìtì wo?

Ká dúró lójú ọ̀run, ká fi ìka apá méjèèjì (ṣóńṣó apá káìtì) balẹ̀ jẹ́jẹ́, ká rọra rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́: gbogbo káìtì ló lè ṣe èyí, kékeré nìkan ló máa ń ṣagídí. Àrà tí wọ́n ń pè ní Axel náà wà láàárín ohun tí gbogbo ńlá lè ṣe. Ẹ jẹ́ kó dúró, kí apá kan rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fa okùn kan fìrí, kí ẹ sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á yí po lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀ bí àwo tí a yí lórí tábìlì. Àṣìṣe gbogbo ayé ni pé ẹ fà á, ẹ ò sì dẹ̀ ẹ́. Okùn tó bá ṣì le ló ń fà á padà sí fífò lásán.

Fade, nígbà tí káìtì dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí imú rẹ̀ kọjú sí yín, àti lazy susan, nígbà tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí imú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí yín tó sì ń yí po, ni wọ́n ń ya adárà sọ́tọ̀ kúrò lára atẹ̀léla. Yo-yo tún béèrè ohun kan sí i: káìtì á ká okùn mọ́ra rẹ̀ ní ìyípo kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ìdènà kéékèèké oníke létí iwájú apá tó ń di okùn mú kó má yọ̀. Tí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà kò bá ní in, ẹ má retí yo-yo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwúwo ìdí ló ń jẹ́ kó rọrùn láti dùbúlẹ̀. Tí adárà yín bá ń kọ̀ láti dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ẹ mú lẹ́ẹ̀dì tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń jó wáyà, ẹ wọ̀n gíráàmù 5 níbi tí alágbẹ̀dẹ wúrà ti ní òṣùwọ̀n, ẹ ká a mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tó lọ láti imú dé ìdí, ẹ fi téèpù dì í. Ẹ máa fi 5 lé e títí dé 20. Lórí afúyẹ́, ẹ dúró ní 10, torí gíráàmù 20 lórí káìtì gíráàmù 200 jẹ́ ìdá mẹ́wàá ara rẹ̀, kò sì ní gbéra mọ́ nínú afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ torí rẹ̀ rà á.

Nínú gbogbo àrà okùn rírọ̀ yìí, okùn máa há mọ́ ìka apá. Bó bá ti há, ẹ má fà á. Ẹ rìn lọ bá a. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá fà á pẹ̀lú ìbínú, ọ̀pá apá á kán níbi tó ti tẹ̀. Tí ẹ bá sì rí i pé imú ń bọ̀ wá gúnlẹ̀, ẹ sáré síwájú pẹ̀lú ọwọ́ nínà. Gbogbo ara á fẹ́ fà á sẹ́yìn. Ẹ kọ̀ fún ara.

Pápá wo?

Pápá ilé-ìwé tó ní koríko, tí wọ́n gé, dára ju ilẹ̀ pupa olókùúta lọ; òkúta pupa máa ń fá aṣọ etí iwájú bí sáńpépà. Ẹ jìnnà sí ohun tó ga tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà ní ìlọ́po 7 sí 10 gíga rẹ̀: igi mítà 10 fẹ́ mítà 70 ó kéré tán. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí Olósùnta àti Òròlé ti ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró ní ẹ̀yìn àpáta sí afẹ́fẹ́; iwájú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wà. Lásìkò òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ wa ti ń wá, nígbà ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, oòrùn ọ̀sán máa ń mú afẹ́fẹ́ gun òkè, òwúrọ̀ kùtùkùtù sì máa ń kú ráúráú. Aago 10 sí aago 4 ló dára. Iyán ọ̀sán lè dúró.

Ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, tí ìkùukùu dúdú bá ń ga bọ̀ láti ìlà-oòrùn tí afẹ́fẹ́ sì ṣàdédé dákẹ́, ẹ ká okùn. Ìjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fò nítòsí wáyà NEPA: pẹ̀lú okùn mítà 25, kí wáyà jìnnà ju mítà 50 lọ, torí okùn tútù ń gbé iná. Tó bá há sórí wáyà, ẹ fi sílẹ̀. Bákan náà, ẹ jìnnà sí ọ̀nà ọlọ́kadà, àti sí agbègbè pápákọ̀ òfuurufú Adó.

Tí ẹ bá ń ra àlòkù

Ẹ na aṣọ sí oòrùn kẹ́ ẹ wo ihò. Ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ẹ wò ó bóyá ó funfun tàbí ó ya níbi ìsopọ̀. Ẹ fi ìka fa ìjánu, èyí tó ti ń yọ irun ní láti pààrọ̀. Ẹ fi ìka kan gbé e ní àárín, kí apá méjèèjì dúró dọ́gba. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá lọ sílẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀pá kan sí èyí tí kì í ṣe irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ̀pá ìdábùú ìsàlẹ̀ méjèèjì jáde, kẹ́ ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kẹ́ ẹ má yọ ọ́, ẹ dá a padà fún un.